Config switch lọ sórí server láìsí wàhálà, ìpadàbọ̀ rẹ̀ ló dìjà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbà mí. Agùnbánirọ̀ ni mí, ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n pín mi sí, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn. Catalyst 2960 ti Cisco ni gbogbo switch (ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) tó wà níbẹ̀. Mo gbé tftpd-hpa (server TFTP, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń gbé fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) sórí kọ̀ǹpútà Ubuntu kan kí n lè máa kó config wọn (ètò tí a tẹ̀ sínú wọn) pa mọ́. Switch ní òun ò rí fáìlì, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń fi fáìlì ránṣẹ́, mi ò bi í léèrè fáìlì kankan! Mo wá fi Tftpd64, irú server bẹ́ẹ̀ náà, sórí laptop Windows mi, ìyẹn gbà á. Àmọ́ nígbà tí mo dá config àtijọ́ padà sórí ọ̀kan nínú wọn, ìdajì ohun tí mo fẹ́ kó kúrò ló ṣì jókòó síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní TFTP ló fà á, pé ohun ayé ijọ́un ni, kí n jù ú nù. Ṣé òótọ́ ni?

* * *

Irọ́ ni, TFTP kọ́ ló fà á. Wàhálà méjì lo kó pọ̀, wọn ò sì bá ara wọn tan. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn.

tftpd-hpa kì í gba fáìlì tí kò bá ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. TFTP ò bi ẹnikẹ́ni léèrè orúkọ, kò bi í ní pásíwọ́ọ̀dù, ẹni tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ti wọlé nìyẹn. Àwọn tó kọ server náà wá ní ẹni tó bá máa kọ nǹkan síbẹ̀, kí onílé ti fi fáìlì yẹn lélẹ̀ dè é. Ohun tó ń jẹ́ kó o rí irú èyí nìyẹn (running-config ni config tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lórí switch):

copy running-config tftp:
Address or name of remote host []? 192.168.10.5
Destination filename [sw-lab1-confg]?
%Error opening tftp://192.168.10.5/sw-lab1-confg (No such file or directory)

Fáìlì tó ń sọ pé òun ò rí yẹn, èyí tó yẹ kó wà lórí server ni. Ṣí /etc/default/tftpd-hpa, wàá rí ìlà tó ní --secure nìkan. Sọ ọ́ di báyìí, kó lè máa gba fáìlì tuntun:

TFTP_OPTIONS="--secure --create"

Lẹ́yìn náà, fún ẹni tó ń jẹ́ tftp lórí Ubuntu yẹn ní àṣẹ lórí fódà náà (chown tftp:tftp /srv/tftp), kó o sì tún tftpd-hpa gbé dìde. Àwọn kan máa sọ pé kó o ṣe chmod 777 sí gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹnikẹ́ni lè ṣe ohun tó bá wù ú níbẹ̀. Má dá wọn lóhùn. Bí o kò bá fẹ́ fi --create sí i, fi touch ṣe fáìlì òfìfo tó ń jẹ́ sw-lab1-confg, fún un ní 666 (kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kó sì lè kọ sí i), ó tó.

Tftpd64 ti Windows kì í ṣe ìyọnu yìí, ìdí tó fi gbà á lọ́wọ́ rẹ nìyẹn.

* * *

Ẹnì kan tún béèrè lábẹ́ pé tòun kò sọ pé fáìlì ò sí, "Timed out" ló ń sọ.

Ìyẹn yàtọ̀. Bí server bá ti sọ̀rọ̀ rárá, kódà kó jẹ́ pé ó bú ẹ ni, ọ̀nà ṣí. Timed out túmọ̀ sí pé switch ké, kò gbọ́ èsì. Kọ́kọ́ ping server látorí switch, kó o mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Bí ping bá lọ tí TFTP ò lọ, firewall (aṣọ́nà tó ń yan ohun tó lè kọjá) ni kó o dájú sọ, pàápàá ti Windows.

Ibi tó sì ti ń dá àwọn tó mọ̀ ọ́n gan-an lágara: port 69 (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) ti UDP ni switch máa ń kàn, àmọ́ server kì í dáhùn láti 69. Á mú port mìíràn tó bá wù ú, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù á ti máa lọ. Nítorí náà, tí firewall bá wà láàárín VLAN (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a pín sọ́tọ̀ lórí switch kan náà) tí switch wà àti VLAN tí server wà, tó o sì ṣí 69 nìkan, ìbéèrè á kọjá, èsì á sì há sọ́nà. Lórí Linux, module nf_conntrack_tftp ló ń jẹ́ kí firewall mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ló bí èsì yìí.

Èkejì: switch tó bá ní àdírẹ́sì IP ju ẹyọ kan lọ lè gba ẹnu ọ̀nà tí o kò rò jáde. ip tftp source-interface Vlan99 (tàbí VLAN tí o fi ń ṣàkóso) á pa ìyẹn mọ́ ibi kan.

* * *

"TFTP yẹ kó ti kú. Ẹni tó bá ṣì ń lò ó lónìí ń fi iṣẹ́ ṣeré ni. SCP nìkan." Ẹ̀gbọ́n kan ló kọ èyí, àwọn èèyàn sì ti ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. (SCP náà ń gbé fáìlì, àmọ́ inú SSH ló ń gbà, ìyẹn ọ̀nà tó ní àṣírí.)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jàre apá kan. Ẹ jẹ́ ká ya ẹ̀sùn tó bá a mu kúrò lára èyí tí kò bá a mu, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kà sí TFTP lọ́rùn kò kan iṣẹ́ yìí.

Wọ́n ní ó lọ́ra. Òótọ́ ni. Bó ṣe wà nínú RFC 1350 ọdún 1992, byte 512 ni ó máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní gbé òmíràn àfi tí ẹni tó ń gbà á bá jẹ́wọ́ pé òun ti rí ti ìṣáájú. Wọ́n ní kò lè gbé ju nǹkan bí MB 32 lọ. Òótọ́ ni fún èyí tí kò ní àfikún ọdún 1998, torí nọ́ńbà tó fi ń ka ìdì (byte 512 kọ̀ọ̀kan yẹn) kò kọjá 65,535. Àmọ́ config ni a ń sọ níbí o! Ọ̀rọ̀ lásán tí kò tó nǹkan ni. Kí ẹ tó mí, ó ti dé. Àwọn tó ń fi TFTP gbé IOS fúnra rẹ̀ (ètò tó ń darí switch Cisco) ni kó wá ṣàròyé pé ó lọ́ra.

Ẹ̀sùn tó múlẹ̀ ni pé kò ní àṣírí. Gbogbo ohun tó wà nínú config ló ń rìn ní ìhòòhò lórí wáyà, ó sì tún ń jókòó ní ìhòòhò lórí server. Ẹ wo ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀: community ti SNMP (ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wo ipò switch láti ọ̀nà jíjìn), ó hàn gbangba. Pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ "7" sí níwájú, ọmọ kékeré lè tú u, ìkànnì tó ń tú u pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí èèrùn. Ti "5" le díẹ̀, àmọ́ MD5 ni, ọ̀nà àtijọ́ tí kò lágbára mọ́. Èyí tó ṣeé fọkàn tán ni "8" àti "9", IOS àtijọ́ ò sì ní wọn.

Kì í ṣe àròsọ o. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn kan gba inú Smart Install ti Cisco (ohun tó ń jẹ́ kí switch tuntun gba config láti ọ̀nà jíjìn) wọlé, ní port 4786 ti TCP, wọ́n nu config àwọn switch nù ní Iran àti Rọ́ṣíà, wọ́n sì fi àsíá Amẹ́ríkà síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má da ìdìbò àwọn rú. Ìjọba Iran ní switch bíi 3,500 ló kàn ní orílẹ̀-èdè wọn, nínú bíi 200,000 káàkiri ayé. Smart Install yìí ò bi ẹnikẹ́ni ní pásíwọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ti lè kàn án lè pàṣẹ fún switch pé kó fi config rẹ̀ ránṣẹ́ sórí TFTP tòun. 2960 wà lára àwọn tó ń lò ó. Nítorí náà, agùnbánirọ̀ wa, kọ no vstack sórí gbogbo switch rẹ lónìí, kó o sì fi show vstack config yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn ṣe kókó ju àríyànjiyàn TFTP àti SCP lọ.

Ohun tí mo rí sí i: nínú VLAN ìṣàkóso tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò lè dé, tí server sì wà nínú VLAN kan náà, TFTP kò ba nǹkan jẹ́. Lórí wáyà tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà, tàbí láti ìlú kan sí ìkejì, kò sí ohun tó máa mú mi lò ó.

* * *

Ẹ̀gbọ́n fèsì pé: "Ẹ ti gbà pẹ̀lú mi nìyẹn. SCP."

Rárá, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì gbé e sórí 2960 àtijọ́. Copy running-config scp: dùn ún sọ lẹ́nu. Ẹ kọ ọ́ tán, ẹ tẹ Enter, Ubuntu tuntun kọ̀ jálẹ̀, kò sì sọ ìdí kankan tó yé ọmọ èèyàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé SSH inú switch náà ti dàgbà ju ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lọ. Diffie-hellman-group1-sha1 tí ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ (ọ̀nà tí ẹ̀rọ méjì fi ń jọ ṣe kọ́kọ́rọ́ àṣírí), OpenSSH 7.0, ìyẹn SSH tí Ubuntu ń lò, ti pa á tì láti ọdún 2015. ssh-rsa pẹ̀lú SHA-1 (ìbuwọ́lù tí ẹ̀rọ fi ń jẹ́rìí ara rẹ̀), OpenSSH 8.8 ti pa òun náà tì ní 2021. Ó di kí ẹ ṣí sshd_config (fáìlì ètò SSH lórí server), kí ẹ fi KexAlgorithms àti HostKeyAlgorithms dá wọn padà pẹ̀lú àmì "+". Ẹ ti rẹ ilẹ̀kùn server sílẹ̀ díẹ̀ nìyẹn kí ẹ lè sọ pé ẹ ń lo ohun tó láàbò.

Mo fẹ́ràn kí server wá fà á fúnra rẹ̀. Lórí switch: ip scp server enable, pẹ̀lú orúkọ tó ní privilege 15 (àṣẹ tó ga jù). Lórí Linux:

scp -O admin@192.168.10.21:running-config sw-lab1.cfg

-O yẹn ń da àwọn èèyàn láàmú. Láti OpenSSH 9.0 ní ọdún 2022, scp kì í sọ èdè SCP mọ́ àfi tí ẹ bá ní kó sọ ọ́. SFTP, èdè mìíràn, ló ń sọ, switch ò sì gbọ́ ọ. Ẹni tó ti ń ṣe é láìsí wàhálà á kàn sọ Ubuntu rẹ̀ di tuntun, á bá a pé gbogbo script rẹ̀ ti kú.

Èdè SSH àtijọ́ yẹn ṣì lè yọjú lápá ibí náà, àmọ́ ẹ lè kọ ọ́ sínú config SSH ti kọ̀ǹpútà yín fún switch yẹn nìkan. Server fúnra rẹ̀ ò ní ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé.

* * *

Ó yá, ìdajì ìbéèrè tó kù. Ibí lọ̀rọ̀ wà, òun sì ni a ò tíì fọwọ́ kàn láti àná.

copy tftp: running-config kì í pààrọ̀ config. Ó ń da ti inú fáìlì mọ́ ọbẹ̀ tó wà nínú ìkòkò ni, kò da ti tẹ́lẹ̀ nù. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì, ńṣe ló dà bí ìgbà tí o fọwọ́ ara rẹ tẹ̀ ẹ́. Ohun tí fáìlì ò bá dárúkọ, switch ò ní fọwọ́ kàn án.

Mú port kan (ihò tí wáyà ń wọ̀ lára switch). Ohun tó wà lórí switch lónìí:

interface FastEthernet0/7
 switchport access vlan 30
 switchport mode access
 switchport port-security
 shutdown

Ohun tó wà nínú fáìlì tó o kó pa mọ́:

interface FastEthernet0/7
 switchport access vlan 20
 switchport mode access

O dá fáìlì padà. Port 7 bọ́ sí VLAN 20, ó dáa. port-security (tó ń pààlà sí ẹ̀rọ tó lè lo port náà) ṣì wà, torí kò síbi tí fáìlì ti sọ pé kó kúrò. Èyí tó máa mú ẹ lórí gbóná ni shutdown: port náà ṣì wà ní títì. Running-config kì í kọ "no shutdown" sílẹ̀. Port tó ṣí, kò ní ìlà kankan tó sọ pé ó ṣí. Fáìlì ò wá ní ohun tó máa fi ṣí i, ìwọ á sì jókòó máa pààrọ̀ wáyà.

Access-list (àtòjọ ohun tí switch á jẹ́ kó kọjá àti èyí tó máa kọ̀) burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà tí switch ò ní tẹ́lẹ̀ á lọ tò sí ìdí, lẹ́yìn deny tó ti wà níbẹ̀. O rí i nínú config, ó sì dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdì dátà kan tó ń dé ibẹ̀. Orúkọ àwọn tó lè wọlé náà ńkọ́? Ẹni tí wọ́n ti lé níṣẹ́ ṣì wà nínú switch lẹ́yìn tí o ti dá config "mímọ́" padà.

Ọ̀nà méjì ló jáde níbẹ̀. Èyí tó wà lórí gbogbo wọn (startup-config ni config tí switch máa ń kà tó bá ń dìde, reload ló ń tún un gbé dìde):

copy tftp: startup-config
reload

Tí switch bá bi ẹ́ pé "System configuration has been modified. Save?", NO ni kó o dáhùn. Ẹni tó bá fi ìkánjú tẹ yes ti fi config búburú bo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálẹ̀. Mo ti rí ọ̀gá tó mọṣẹ́ dáadáa tó jókòó ní ọ́fíìsì oníbàárà kan, tó ń bú TFTP, pé ó ń gbé fáìlì àtijọ́ wá, bẹ́ẹ̀ yes yìí ló ń tẹ̀ nígbà gbogbo.

Ọ̀nà kejì, tí IOS rẹ bá ní in, ni configure replace. Òun á fi fáìlì wé ohun tó wà nílẹ̀, á yọ èyí tó pọ̀ jù, á fi èyí tó kù kún un, láìsí pé switch ń kú tó ń jí. Fi list sí ìparí rẹ̀ kó o lè rí gbogbo ìlà tó fọwọ́ kàn. Àmọ́ gbọ́ o: fáìlì odindi ló ń fẹ́. Bó o bá fún un ní àjákù tó o dà kọ látinú PuTTY (fèrèsé tó o fi ń bá switch sọ̀rọ̀), tí "--More--" wà láàárín rẹ̀, gbogbo ohun tí kò bá rí nínú àjákù yẹn ló máa kà sí ohun tó yẹ kó kúrò.

Kó o tó tẹ̀ ẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, kọ reload in 10. Bí o bá fọwọ́ ara rẹ ti ara rẹ síta, switch á tún ara rẹ̀ gbé dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú startup-config tó ní tẹ́lẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, reload cancel.

* * *

Ẹnì kan ní òun ò rí ìdí tí a fi ń pariwo, pé tí running-config bá ti wà lórí server, switch ti wà lórí server nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná ìjọba bá gbé agbára wá tó jó 2960 kan, tó o gbé òmíràn jáde nínú páálí, tó o sì da fáìlì yẹn sínú startup-config rẹ̀, tó o reload, ohun tó o máa bá nìyí: àwọn port wà nínú VLAN 20 àti 30, àwọn VLAN náà fúnra wọn ò sí. Lórí Catalyst tó wà ní VTP server (VTP ni àwọn switch fi ń pín VLAN fún ara wọn), bó sì ṣe ń ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn, inú fáìlì vlan.dat lórí flash, ibi ìpamọ́ inú switch, ni VLAN ń gbé. Running-config ò mọ̀ wọ́n. Kó òun náà lọ:

copy flash:vlan.dat tftp:

Tàbí kó o sọ switch di vtp mode transparent, VLAN á wá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú config. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ilé ẹ̀kọ́ kékeré, torí ó tún ń gbà ẹ́ lọ́wọ́ wàhálà VTP tí mi ò ní bẹ̀rẹ̀ níbí.

Kọ́kọ́rọ́ RSA tí SSH ń lò náà kò sí nínú fáìlì. Lórí switch tuntun, àfi kó o tún un ṣe pẹ̀lú crypto key generate rsa. Mú wáyà console, èyí tó ń so laptop mọ́ switch tààrà, dání.

* * *

Ẹ ti ń béèrè nípa àwọn ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti Cisco, ẹ jẹ́ kí n kàn fọwọ́ bà wọ́n.

HP ProCurve: copy tftp startup-config ń tún switch gbé dìde lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń béèrè kó tó ṣe é, ẹ ka ìbéèrè yẹn. Má ṣe é lọ́sàn-án. Juniper: load override ni ó ń pààrọ̀, load merge ni ó ń dà pọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í, commit confirmed á sì dá a padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 bí o kò bá jẹ́wọ́.  MikroTik, tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ládùúgbò wa: /export ń fún yín ní ọ̀rọ̀ tó ṣeé kà, /system backup ń fún yín ní ìdì tó yẹ kó padà sórí ẹ̀rọ yẹn gan-an. Ẹ kó méjèèjì. Lórí RouterOS 7, export ń fi àwọn àṣírí pa mọ́ àfi tí ẹ bá kọ show-sensitive.

* * *

"Ẹ fi Oxidized sí i, ẹ sinmi."

Oxidized dáa, RANCID tó ṣáájú rẹ̀ náà dáa. Wọ́n ń wọ switch lọ fúnra wọn, wọ́n ń mú config wá, wọ́n ń fi hàn ẹ́ ìlà tó yí padà, Oxidized sì lè tò wọ́n sínú git (tó ń pa gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ mọ́). Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó ní ìwọ̀nba switch, tí agùnbánirọ̀ tó gbé e kalẹ̀ á kúrò níbẹ̀ bó bá ti sìn tán, ta ló máa bójú tó Oxidized? Ìlà mẹ́rin yìí tó:

archive
 path tftp://192.168.10.5/$h-$t
 write-memory
 time-period 1440

$h ni orúkọ switch, $t ni àkókò. Ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ti kọ write memory (tó fi config pa mọ́ sórí switch), ẹ̀dà kan á lọ sórí server, òmíràn á sì máa lọ lójoojúmọ́. Orúkọ fáìlì ń yí padà, nítorí náà --create ti òkè yẹn di dandan, touch ò ní gbà ẹ́.

Aago ni mo ní láti kìlọ̀ fún ẹ. 2960 kò ní bátìrì tó ń pa aago mọ́. Bí iná bá lọ tó dé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1993 ló máa sọ pé a wà. Bí iná ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa, server rẹ á kún fún fáìlì tí gbogbo wọn ń jẹ́ Mar 1, o ò sì ní mọ èyí tó ṣáájú. Fi chrony (tó ń pín àkókò tó tọ́ fún àwọn ẹ̀rọ) sórí Ubuntu yẹn, kó o sì tọ́ka ntp server gbogbo switch sí i.

* * *

Agùnbánirọ̀ padà wá: "Ọ̀gá, --create ti ṣiṣẹ́. Mo ti kọ no vstack. Ṣé kí n wá ṣe copy tftp: startup-config báyìí kí n reload, kí port-security yẹn lè kúrò?"

Dúró ná. Má ṣe é nígbà tí àwọn ọmọ bá wà nínú kíláàsì. Kọ́kọ́ fi more nvram:startup-config wo ohun tó wà níbẹ̀, kó o sì kó òun náà lọ sórí server pẹ̀lú orúkọ ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà, kọ èsì show vtp status síbí kí n rí i kó o tó fọwọ́ kan reload.